Ṣé kí n lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn fáwọn tó wà n'Ìbàdàn

Iṣẹ́ iná àti sólà ni mò ń ṣe, apá Challenge níbí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kan tàbí òbí kan ò ní dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kó bi mí ní nǹkan nípa kíkọ́ṣẹ́, ìbéèrè wọn sì máa ń jọra, ìyẹn ni mo ṣe kó o jọ síbí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan iṣẹ́ tí kì í ṣe tèmi, mo bi àwọn wẹ́dà, káfíńtà, púlọ́ńbà àtàwọn mẹ́káníìkì tá a jọ wà ládùúgbò kí n tó kọ ọ́.

JAMB ò gbé mi débi tí mo fẹ́ lọ́dún yìí. Ṣé kí n kúkú lọ kọ́ṣẹ́ ni?

Kí ló ń mú ẹ lọ? Tó bá jẹ́ pé ibi tó o máa jókòó sí títí JAMB míì á fi dé lò ń wá, jọ̀ọ́ má lọ bá ọ̀gá kankan, torí ó máa fi àkókò ẹ̀ kọ́ ẹ, ìgbà tọ́wọ́ ẹ bá wá ń mọ́ iṣẹ́ báyìí lo máa dìde lọ, o ò ní mọ̀wé, o ò sì ní mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìwọ lo máa ń tú fáànù ilé yín tó bá ti dákẹ́, tó ò lè rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan kó o kọjá láì dúró wò, lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ẹni tó fìdí rẹmi wò ẹ́. Ìwé ò sì sá lọ, àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ tán tí wọ́n fi owó iṣẹ́ yẹn rán ara wọn lọ sí Poly.

Má sì rò pé o ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò o. Táílà, ìyẹn ẹni tó ń lẹ táílì, tó fẹ́ ṣe yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn lé díẹ̀ ní skúwíà mítà 13, pé táílì sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40 máa gbà tó 84 níbẹ̀, kó tún fi èyí tó máa fọ́ àti èyí tó máa gé sétí ògiri kún un, kó tó sọ iye páálí tí oníbàárà máa rà. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á ní kí wọ́n tún lọ ra páálí méjì sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á dé ọjà, wọn ò ní bá irú àwọ̀ yẹn níbẹ̀ mọ́, ìjà ti dé nìyẹn.

Iṣẹ́ wo ló ń mówó wọlé jù?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà ló sì máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Báyìí sólà ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ kọ́, ìdí ẹ̀ ò sì pamọ́. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, jẹnẹrétọ̀ di nǹkan téèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó tàn án, nígbà tó di April 2024 wọ́n tún gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lóòjọ́, lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Látìgbà yẹn ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti tẹ owó díẹ̀ n'Ìbàdàn, ínfátà àti páńẹ́ẹ̀lì ló ń béèrè. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun lèmi náà ń jẹ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń pe ara wọn ní oní-sólà ò kọ́ iṣẹ́ iná rí, bí wọ́n ṣe ń gbé páńẹ́ẹ̀lì gun òrùlé nìkan ni wọ́n mọ̀. Bátìrì 12 volt mẹ́rin tó o bá so tẹ̀léra wọn á fún ẹ ní 48, kò sẹ́ni tí ò lè ṣe ìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni ẹnu wáyà tí wọn ò fún dáadáa, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀, títí rọ́bà ara ẹ̀ á fi yọ́. Ẹni tó kọ́ iná kó tó kọ́ sólà máa ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á gbé gbogbo ẹrù inú ilé lé e, á wá wò bóyá ẹnu wáyà yẹn ń gbóná.

Púlọ́ńbà ń jẹun dáadáa, torí páìpù tó bẹ́ ò ní dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ṣe ẹ́ẹ́sì àti fíríìjì náà ń jẹun. Mẹ́káníìkì, ó ku bí o ṣe kọ́ ọ, mọ́tò tó ń wọlé báyìí kọ̀ǹpútà ló kún inú ẹ̀, mẹ́káníìkì tí ò ní skánà kàn ń méfò ni, á ní kó o lọ ra páátì kan ní Araromi ní Gate, wọ́n á fi sí i, kò ní jẹ́ òun, á tún ní kó o lọ ra òmíì. Àwọn tó tètè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ mọ́tò di èyí tó ń lo gáàsì CNG látìgbà tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn ní 2023 ti rí iṣẹ́ tuntun mọ́ èyí tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń dùn mí. Tó o bá ń kọ́lé n'Ìbàdàn yìí, tó o ní o fẹ́ táílì tàbí POP tó mọ́, àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹ ni ará Kútọ̀nù tàbí ará Tógò. Iṣẹ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn ń lọ. Ìfarabalẹ̀ ni wọ́n fi gbà á, wọ́n á wọn igun kó tó kan gígé, wọ́n á jẹ́ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ dà síbi ihò omi, wọ́n á nu símẹ́ńtì ojú táílì kó tó gbẹ. Kò sí èyí tí ọmọ Ọ̀jẹ́ tàbí ọmọ Apata ò lè kọ́ nínú ẹ̀.

Nítorí náà tó o bá bi mí níṣẹ́ tó ń lówó, ohun tí mo máa sọ ni pé wẹ́dà tó mọṣẹ́ máa ń lówó ju oní-sólà tí ò mọṣẹ́ lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó o ti kọ́ ọ ló ṣe kókó jù, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọ̀gá tó dáa?

Kọ́kọ́ gbàgbé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ní gíláàsì àti síáìnbọ́ọ̀dù ńlá ò sọ nǹkan kan fún ẹ. Béèrè ilé tó ti ṣiṣẹ́, èyí tó ti ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn ni kó o lọ wò, torí gbogbo iṣẹ́ àná ló máa ń dán. Ilẹ̀kùn yẹn, ṣé ó ṣì ń tì láìjẹ́ pé wọ́n ń gbé e sókè? Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣé ẹnu ẹ̀ ti ń dúdú? Géètì, ṣé ibi tí wọ́n jó ti ń ya?

Lẹ́yìn náà kó o wá béèrè àwọn ọmọ tó ti ṣe fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ẹ̀. Ibo ni wọ́n wà báyìí? Tó bá jẹ́ pé kò sí ọ̀kan tó ṣì wà nídìí iṣẹ́ yẹn, ó yẹ kó o ronú. Tó bá jẹ́ pé wọ́n wà nídìí ẹ̀, tí nǹkan bá ta kókó mọ́ wọn lọ́wọ́ wọ́n ṣì ń pe ọ̀gá lórí fóònù, ọ̀gá náà sì ń dá wọn lóhùn, ibẹ̀ ni kó o lọ.

Bẹ ọ̀gá náà pé kó jẹ́ kó o wá jókòó fún bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá. Kí o wo ohun táwọn ọmọṣẹ́ ń fi ọjọ́ wọn ṣe. Kò sí ọmọṣẹ́ tí kì í gbálẹ̀, tí kì í lọ ra oúnjẹ, ìyẹn ò burú, gbogbo wa la ṣe é. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ tó ti lo ọdún kan gbáko ṣì lẹni tó ń fọ mọ́tò ọ̀gá, tó ń pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá, tó ń lọ mú ọmọ wọn ní skúù, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ojú ibi tó le gan-an lọ̀gá máa rántí pé kí ó lọ ra omi tútù wá, ọ̀gá yẹn ń fi iṣẹ́ pa mọ́ ni, kò fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ ọ́n.

Káfíńtà kan wà tí mo fẹ́ràn bó ṣe ń kọ́ ọmọ. Tó bá ń lọ ra pákó ní Sango, ọmọ tó kéré jù ló máa mú dání. Á fa pákó àfàrà kan yọ, á ní kí ọmọ náà gbé orí kan dé ìbámu ojú ẹ̀, kó di ojú kan, kó máa fi èkejì wo etí pákó náà lọ títí dé òpin bóyá ó tẹ̀. Ọmọ á ní ó dáa. Ọ̀gá á ní, "tún un wò." Ọmọ á tún un wò, á rí i pé ó tẹ̀ díẹ̀ ní àárín. Wọ́n á fa òmíì, ìyẹn á nà tọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá á ní kó fọwọ́ kàn án, kó gbé e wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nílẹ̀. Ó tutù, ó sì wúwo jù. "Eléyìí ò tíì gbẹ. Tá a bá fi ṣe ilẹ̀kùn, inú ilé onílé ló ti máa gbẹ, ibẹ̀ náà ló ti máa lọ́." Ẹni tó ń ta pákó á máa kùn, ọ̀gá ò ní dá a lóhùn, wọ́n á ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tí èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi pé. Ọmọ tó bá ti ṣe ìyẹn pẹ̀lú ẹ̀ fún ọdún kan, kò sẹ́ni tó máa rí pákó tútù tà fún un mọ́ láyé ẹ̀. Irú ọ̀gá tí mò ń sọ nìyẹn.

Tún fetí sí i tó bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń sọ pé "mo ti dé Mọ́léètè báyìí, mò ń bọ̀", ìyẹn náà làwọn ọmọ ẹ̀ ń kọ́.

Ọdún mélòó ni mo máa lò?

Ọdún méjì sí mẹ́rin ló wọ́pọ̀, mẹ́káníìkì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ti kàwé jáde máa ń fi owó kún owó kí wọ́n lè dín in kù sí ọdún kan tàbí oṣù mẹ́fà. Ó ṣeé ṣe tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lo máa ń wá. Àmọ́ iṣẹ́ òrùlé, tó ò bá tíì bá òjò ọdún kan pàdé lórí òrùlé tí ìwọ fúnra ẹ kàn, o ò tíì mọ̀ ọ́n.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn?

Ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó o máa parí. Iye owó ìkọ́ṣẹ́ àti bẹ́ ẹ ṣe máa san án. Iye owó fíríìdọ̀mù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyà ti máa ń jẹ ọmọ, ó máa parí iṣẹ́ tán, wọ́n á wá gbé iye tó ju agbára òbí ẹ̀ lọ jáde, ó tún máa sin ọ̀gá fún oṣù púpọ̀ sí i. Ta ló ń fún un lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ? Tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa gbé e lọ sọ́sibítù, ta ló máa sanwó? Tí ọ̀gá bá kó lọ sí Èkó ńkọ́? Ẹ kọ gbogbo ẹ̀. Kí òbí àti onídùúró tọwọ́ bọ̀wé, kí ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà wà níbẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀gá tó bá bínú torí pé ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti sìnrú ìlú tán. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò tíì pẹ́. Kódà ó máa ń yá àgbà ju ọmọdé lọ, torí àgbà mọ ohun tó wá ṣe. Èyí tó máa le ni pé ọ̀gá ẹ lè kéré sí ẹ lọ́jọ́ orí. Máa pè é lọ́gàá, máa sọ "ẹ" fún un, kó o gbálẹ̀ nígbà tó bá kàn ẹ́. Tọ́kàn ẹ ò bá gba ìyẹn, wá ẹni tó jù ẹ́ lọ. Kó o sì ti tọ́jú owó oúnjẹ sílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, tìyàwó tàbí ọkọ ẹ bá wà, ẹ jọ sọ ọ́ dáadáa, torí oṣù àkọ́kọ́ ò ní mú kọ́bọ̀ wá.

Obìnrin ni mí, wẹ́dà tàbí táílì ló wù mí. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ télọ̀.

Tó bá jẹ́ pé táílì ló wù ẹ́, télọ̀ tó máa fi ìbínú ránṣọ lo máa jẹ́. Lọ kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ agbára tí wọ́n ń sọ, báàgì símẹ́ńtì kan kílò 50 ni, ó yẹ kí ọkùnrin pàápàá jẹ́ méjì nídìí ẹ̀ tí wọn ò bá fẹ́ kí ẹ̀yìn pa wọ́n lọ́la. Ohun tí mo fẹ́ kó o wò ni ibi tó o ti máa ṣiṣẹ́: ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní sáìtì, ṣé obìnrin míì wà níbẹ̀, ṣé ọ̀gá máa ń pa ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin ẹ̀ àbí òun gan-an ló ń sọ ọ́. Tó ò bá fẹ́ràn ohun tó o rí, ọ̀gá míì ni kó o wá, má pa iṣẹ́ tì.

Ṣé mi ò lè kọ́ ọ lórí YouTube?

Wò ó, ó dáa, èmi náà ń wò ó. Á sọ fún ẹ pé wáyà 1.5 mm² ni fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ́ẹ́sì, 6 fún kúkà iná. Òótọ́ ni. Ohun tí ò ní sọ fún ẹ ni pé wáyà tí wọ́n kọ 2.5 sára ẹ̀ lọ́jà wa lè má pé 2.5, pé ọwọ́ lo fi máa mọ̀ ọ́n, tó o bá hó o tó o rí bí bàbà inú ẹ̀ ṣe tín-ín-rín tó. Ọwọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ń hó wáyà láti ọjọ́ tó pẹ́ lo ti máa rí i.

Sàtífíkéètì ńkọ́?

Èyí tí ọ̀gá àti ẹgbẹ́ máa fún ẹ lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù tó láti fi ṣíṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ tó o bá fẹ́ gba iṣẹ́ kọ́ńpìnnì tàbí tìjọba, wọ́n á béèrè òmíì. Trade Test ti mínísírì ètò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà, láti Grade III lo ti máa gòkè lọ sí II àti I. NABTEB náà wà, látọdún 1992 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìdánwò tiwọn làwọn ọmọ tẹ́kíníkà kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń ṣe. NSQ, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti Poly, ń bójú tó ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ti mọṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ò níwèé, torí ohun tó o lè fi ọwọ́ ẹ ṣe ni wọ́n máa wò. ITF (Industrial Training Fund) tó ti wà látọdún 1971 àti NDE (National Directorate of Employment), àjọ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, àwọn náà máa ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́, àwọn méjèèjì ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn, lọ béèrè fúnra ẹ, má fún ẹnì kankan lówó láti bá ẹ gba fọ́ọ̀mù.

Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ò ní bà mí lára jẹ́?

Ó lè bà á jẹ́ tó ò bá ṣọ́ra, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Wẹ́dà, ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń sun ẹyin ojú. Kò ní dùn ẹ́ lójú ẹsẹ̀, òru ló máa bẹ̀rẹ̀, bíi pé wọ́n da iyanrìn sí ẹ lójú, omi á máa dà, o ò ní lè sùn. Àwọn kan á ní kó o kán mílíìkì tàbí omi ọmú sí i, má gbà, lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Jígí òòrùn ò lè gbà ẹ́, ṣíìlì wẹ́dà gan-an ni kó o lò, kódà tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń di irin mú fún ẹni tó ń jó o.

Oníná, fi tẹ́sítà wo gbogbo wáyà kó o tó fọwọ́ kàn án, bí onílé bá tiẹ̀ búra pé òun ti pa iná. Ilé ti ní ínfátà báyìí, wọ́n á mú iná lọ, wáyà á ṣì máa gbé iná. Púlọ́ńbà, má wọ sókàwéè nìkan láéláé, gáàsì inú ẹ̀ máa ń pa èèyàn kó tó pariwo, ẹni tó sì sáré wọlé lọ gbé e máa ń bá a lọ. Àwọn tó ń fín ọ̀dà sára mọ́tò, ẹ lo ìbòmú tó dáa, àkísà tí wọ́n so mọ́ imú ò ṣe nǹkan kan.

Ṣé kí n ra gbogbo irinṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Rárá. Oníná, tẹ́sítà, púláyà, síkúrúdírífà àti tépù ti tó fún oṣù àkọ́kọ́. Ìyókù, máa rà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan látinú owó tí oníbàárà bá fún ẹ, kọ orúkọ ẹ sára ẹ̀. Ọjọ́ fíríìdọ̀mù, ẹni tó ní irinṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn fíríìdọ̀mù, báwo ni mo ṣe máa rí oníbàárà?

Ẹni àkọ́kọ́ tó o bá ṣiṣẹ́ fún ló máa mú ẹni kejì wá. Ya fọ́tò iṣẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó o parí, gbé e sí Status WhatsApp ẹ. Gbálẹ̀ kó o tó kúrò nílé onílé, ìyá onílé á rántí ìyẹn ju bó o ṣe so wáyà lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń ba ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ́. Owó ọjà yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, máa sọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí rìsíìtì bá ọjà wálé. Má fowó orí ọjà kún un ní ìkọ̀kọ̀, sọ iye tí iṣẹ́ ẹ tó kó o dúró lé e. Èyí tó burú jù ni kó o gba owó ẹni kejì kó o fi parí iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, á máa sá fún fóònù, á pa nọ́ńbà dà, oníbàárà á máa wá a kiri Ring Road. Tó o bá gba owó ọjà lónìí, kó di ọjà lónìí.

Mo fẹ́ jáàpá. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ lè gbé mi lọ?

Kánádà ní ètò kan fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́, Federal Skilled Trades, wẹ́dà, oníná, púlọ́ńbà àti káfíńtà wà lára ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó o ti ṣiṣẹ́ yẹn fún ọdún méjì nínú ọdún márùn-ún tó kọjá, kó o yege nínú ìdánwò èdè, kó o sì ní iṣẹ́ tó ń dúró dè ẹ́ lọ́hùn-ún tàbí sàtífíkéètì iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ fún ẹ. Kò rọrùn, àmọ́ ó wà. Ohun tó máa ń dí àwọn tiwa lọ́wọ́ ni pé wọn ò ní ẹ̀rí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ láìsí rìsíìtì, láìsí lẹ́tà, láìsí fọ́tò. Bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀ láti òní. Ẹni tó bá sì ní òun máa bá ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ tó o bá ti san owó kan sí àkáǹtì òun, sá fún un.

Ọmọ mi wà ní JSS 2, kò fẹ́ràn ìwé rárá. Ṣé kí n yọ ọ́ kí n fà á fún ọ̀gá?

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó parí JSS 3. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn fáwọn ọmọdé, ti 2004 náà sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ kàwé débẹ̀. Tó bá di ọlidé, ẹ mú un lọ bá ọ̀gá kan kó máa jókòó tì wọ́n, ẹ máa rí i bóyá ó wù ú lóòótọ́. Lẹ́yìn JSS 3, tẹ́kíníkà kọ́lẹ́ẹ̀jì wà níbi tí á ti máa kọ́ méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì tàbí sára agolo ọ̀dà á máa wojú ẹlòmíì lójoojúmọ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo ti lo ọdún kan, ọ̀gá ò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ṣé mo lè kúrò?

O lè kúrò, àmọ́ má sá lọ lóru. Kọ́kọ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nígbà tí inú ẹ̀ bá dùn, ní ìwọ nìkan, sọ iṣẹ́ kan pàtó tó o fẹ́ kó kọ́ ẹ, bíi "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń so dísítíríbúṣọ̀n bọ́ọ̀dù." Àwọn míì wà tó jẹ́ pé wọ́n ń dúró kí ọmọ béèrè ni. Tóṣù méjì bá tún kọjá láìsí ìyípadà, mú ìwé àdéhùn, kí òbí ẹ àti onídùúró ẹ lọ bá a, lẹ́yìn náà alága ẹgbẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ lè gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá míì kí wọ́n ka ọdún tó o ti lò mọ́ ẹ lọ́wọ́, ìyẹn ni kó o béèrè fún, kó má di pé o tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àmọ́ tó bá ń lù ẹ́, tàbí tó ń fọwọ́ kàn ẹ́ níbi tí kò yẹ, kò sí ìpàdé tó o máa dúró dè, kó àpò ẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an kó o máa lọ sílé, àwọn àgbà á wá sọ ìyókù.